Igbó Tó Hù Lẹ́nu Ọ̀nà Ológbò

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi fò fìrì, kò bà sórí igi, kò bà sórí òrùlé. Orí láwàní Ológbò ló bà lé.

Ní ìgbà kan rí, Kìnnìún ọba fi òfin ẹ̀sìn de igbó, ewé tí wọ́n ń mu tó ń dà wọ́n lórí rú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbìn ín mọ́. Ó fi Ológbò, àáfà ìlú, ṣọ́ òfin. Ni Ológbò bá fi tirẹ̀ lé e: "Oko tí igbó bá ti hù, ì báà jẹ́ ẹyọ kan, ó di tèmi. A ò ní bi olóko bóyá òun ló gbìn ín."

Ọ̀yà ní oko ẹ̀pà kan. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ nìyẹn. Ológbò débẹ̀, ó tẹ́ ẹní, ó kírun. Bó ti ń forí balẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń da irúgbìn igbó láti inú apá ẹ̀wù rẹ̀, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó hù, ó padà dé.

"Ọ̀yà, kí lèyí?"

"Àáfà, èmi kọ́ ni mo gbìn ín!"

"Ṣé mo bi ọ́ ni? Jáde lóko!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ti Ìgalà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba ti Ọ̀kẹ́rẹ́.

Inú bí Ọ̀yà, eyín rẹ̀ ń ró kẹ̀kẹ̀. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó lọ bá Ológbò nílé, ó fẹ́ bú u. Ó rí i pé gbogbo ìlú ti gbẹ, àfi ẹnu ọ̀nà Ológbò, níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá, tí ewé tútù hù sí.

Ológbò ní, "O ò rí i bó ṣe tutù yọ̀yọ̀? Ìwà mímọ́ mi ni!"

Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn ewé náà. Ó gbé ìbínú mì. Ó sáré lọ pe ọba àti gbogbo ẹranko.

"Kábíyèsí, ẹ wá wo iṣẹ́ ìyanu. Àáfà, ta ló ń bomi rin ín?"

Ológbò gbáyà síwájú. "Èmi fúnra mi! Ẹ̀ẹ̀márùn-ún lójúmọ́!"

Kìnnìún fa ewé kan tu. Igbó ni! Irúgbìn tó ń gbọ̀n dànù lápá ẹ̀wù Ológbò nígbà tó bá ń wẹ̀ ló ti hù.

"Kábíyèsí, èmi kọ́ ni mo gbìn ín!"

Ọ̀yà pariwo, "Ṣé a bi ọ́ ni? Jáde nílé!"

Gbogbo ẹranko gbè é: "Jáde nílé!"

Kìnnìún gbé òfin Ológbò lé Ológbò lórí, ó gba ilé rẹ̀, ó sì dá oko olóko padà. Láti ọjọ́ náà ni Ológbò ti ń bá omi ṣọ̀tá. Ahọ́n ló fi ń wẹ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé: olè tó fi ẹ̀sìn bojú burú ju olè tó yọ ọ̀bẹ lọ. Òfin tí kò gbọ́ tẹnu ẹni, bó pẹ́ bó yá, yóò dití sí ẹni tó ṣe é.

Bí mo bá purọ́, kí ológbò ilé yín lọ wẹ̀ lódò lọ́la.