Eku Méjì Tí Ọdẹ́rìndé Lé

Ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò pa. Ta ni kò tíì gbọ́ òwe yìí rí? Ìyá ń pa á fún ọmọ, ọ̀gá ń pa á fún ọmọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta lẹni náà? Inú igbó wo ló ti lé eku, ta ló sì rí i? Àwọn ará Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́ ní àwọn mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní Ọdẹ́rìndé lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì ní kì í ṣe eku nìkan ló ń lé káàkiri láyé rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Òkè-Ọ̀pọ̀tọ́, tí ilé ìsìn kò tíì ju abà oníkoóko lọ, Ọdẹ́rìndé jẹ́ géńdé ọdẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ bíi ti ìgalà. Ọmọ́yẹni ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ gba Jésù gbọ́. Oyún ti bàjẹ́ lára obìnrin yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù, àfi èyí tó ní lẹ́yìn tó wọ ìjọ, tó dúró digbí. Ìyẹn ni Ọdẹ́rìndé rí tó fi tẹ̀ lé e. Orin wọn dùn mọ́ ọn, àdúrà wọn ń fi í lọ́kàn balẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi wọ kíláàsì ìrìbọmi. Nǹkan kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí wọ́n tíì rì í bọmi: ìgbàdí tó wà nídìí rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló fi í sílẹ̀ fún un. Awọ ẹkùn ni, ó nípọn, wọ́n sì rán àdó wẹ́wẹ́ mọ́ ọn yíká. Ejò kò ní í bu ẹni tó dè é ṣán, iná kò sì ní í jó o. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá rẹ̀ wí. Ó sì wí pẹ̀lú pé ìgbàdí náà ní èèwọ̀: ẹni tó bá dè é mọ́dìí kò gbọdọ̀ ké pe olùgbàlà mìíràn, kí agbára rẹ̀ má baà bàjẹ́.

Àwọn tó kù nínú kíláàsì ti kó oògùn tiwọn wá, wọ́n sì ti dáná sun ún. Tísà Matíà, olùkọ́ ìjọ, pe Ọdẹ́rìndé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Bí Ọlọ́run bá ń ṣọ́ ọ,” ni Tísà wí, “kí ni ìgbàdí yẹn ń ṣe nídìí rẹ? Bó bá sì jẹ́ pé òun ló ń ṣọ́ ọ, kí lo wá ṣe lọ́dọ̀ mi?”

“Ẹ fún mi láyè díẹ̀, Tísà. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó mi bí ná.”

“Nínú àwọn méjèèjì, èwo lo fẹ́ kó bá a gbẹ̀bí?”

Lójú Ọdẹ́rìndé, ẹni tó ní òrùlé tó tún ní agboòrùn ni òun. Òjò wo ló tún fẹ́ rí òun pa?

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí koríko gbẹ tí ó ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ń sun igbó fi pa ẹran pé. Àtonígbàgbọ́ àtẹni tí kì í ṣe é, gbogbo ọkùnrin ìlú jáde. Wọ́n ti ro ilẹ̀ yí igbó náà ká kí iná má baà rékọjá. Orí ilẹ̀ ríro yìí ni wọ́n tò sí pẹ̀lú kùmọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n lè lu ẹran tó bá sá jáde. Lágbàyí, olórí ọdẹ, kìlọ̀ fún wọn.

“Ẹnikẹ́ni má kọjá ilẹ̀ tí a ro. Ẹran tó bá sá padà, iná ló ni ín.”

Wọ́n tiná bọ igbó. Kíá ni iná mú, ó ń bú ràmùràmù, màjàlà gba ojú ọ̀run kan. Eku tú jáde bí ẹ̀pà tó dà nù lójú agbọ̀n. Kùmọ̀ ń ró gbì, gbì. Ọ̀kẹ́tẹ́ ńlá kan yọ síwájú Ọdẹ́rìndé, ó sanra bọ̀kọ̀tọ̀. Ọmọ́yẹni ti ń yán hànhàn fún ẹran ọ̀kẹ́tẹ́ láti ìgbà tó ti lóyún. Ọdẹ́rìndé gbé kùmọ̀ sókè, ọ̀kẹ́tẹ́ ṣẹ́rí padà sínú igbó, òun náà sì ré ilẹ̀ ríro kọjá, ó gbá tẹ̀ lé e.

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a nígbà tí ẹmọ́ kan gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Èyí sún mọ́ ọn ju tàkọ́kọ́ lọ. Ó yí sí i. Ẹmọ́ kó sábẹ́ ìtàkùn, ọ̀kẹ́tẹ́ sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó ti rẹ̀. Ọdẹ́rìndé tún padà sí ọ̀kẹ́tẹ́. Ó sá síhìn-ín, ó sá sọ́hùn-ún, àfi ìgbà tí kò rí ọ̀kan mọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ó gbójú sókè. Kò rí ilẹ̀ ríro mọ́. Afẹ́fẹ́ ti yí padà, iná sì ti wà níwájú, ó wà lẹ́yìn.

Ó di ìgbàdí rẹ̀ mú, ó bẹ̀rẹ̀ ọfọ̀ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Kò tíì dé ìdajì tí ooru fi gbá a lójú. “Jésù, gbà mí!” ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bó ti sọ ọ́ tán ló rántí èèwọ̀: ó ti ba ìgbàdí jẹ́. Ó fẹ́ padà sórí ọfọ̀, ó rántí ọ̀rọ̀ Tísà. Kò lè pe bàbá rẹ̀, kò lè pe Ọlọ́run, ó kàn dúró gbagidi láàárín èéfín.

“Ọdẹ́rìndé! Ìhà odò! Máa bọ̀!”

Ohùn Tísà Matíà ni. Tísà ti rí i nígbà tó wọ igbó, ó sì ti gba inú odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó wá a wá, ibẹ̀ ló ti gbọ́ igbe rẹ̀. Ọdẹ́rìndé sáré tẹ̀ lé ohùn náà títí ó fi kan igi wíwó kan tó dí bèbè odò. Ó dojúbolẹ̀, ó ń rá gba abẹ́ rẹ̀. Orí kọjá, èjìká kọjá, Tísà sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láti inú omi. Ibẹ̀ ni ìgbàdí ti kọ́ ẹ̀ka igi náà. Ó fà á títí, kò já. Iná ti dé orí igi náà.

“Gé e,” ni Tísà wí.

“Bàbá mi ló fún mi, Tísà. Bí mo bá gé e, kí ló kù fún mi?”

“Ẹni tí o ké pè lẹ́ẹ̀kan ló kù. Gé e, Ọdẹ́rìndé.”

Ó yọ ọ̀bẹ lápò, ó pa ojú dé, ó sì gé e. Tísà fà á, àwọn méjèèjì ṣubú sínú omi. Ìgbà tó fi máa bojú wẹ̀yìn, igi náà ti di iná gbòò.

Wọ́n dé àárín àwọn ọdẹ, omi ń ro lára wọn. Lágbàyí wo ọwọ́ Ọdẹ́rìndé lófìfo.

“Ọdẹ, ẹran dà?”

“Eku méjì ni mo lé, Bàbá.”

Lágbàyí mi orí. “Ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò pa.”

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ eku lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó kó gbogbo oògùn tó kù nílé wá, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tiná bọ̀ wọ́n. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ kí wọ́n tó rì í bọmi. Ó wo Ọmọ́yẹni tí kò tíì bímọ.

“Eku méjì ló bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́,” ló wí, “ṣùgbọ́n Ọlọ́run kan ṣoṣo ò jẹ́ kí n bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.”

Ẹnu àwọn ọdẹ ni òwe náà ti kúrò dé ẹnu gbogbo ayé. Bí àgbà bá rí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá méjì tí kò parí ọ̀kan, tàbí ẹni tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tó sì gba ẹ̀yìnkùlé adáhunṣe lọ sílé, wọn a ní kó mú ọ̀kan, kó sì gbájú mọ́ ọn, torí pé ẹni tó lé eku méjì, òfo ni yóò pa.