Òkété àti Ẹ̀wù Òjò Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó gun òkè, òjò pa á, kò padà sẹ́yìn. Ó dá lórí Òkété, ẹran tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí àpò. Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ọmọ. Bàbá Látúndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ yẹn láyè díẹ̀ lórí ẹní.

Ní ìgbà kan rí, ní ìlú àwọn ẹranko, ebi a máa mú gan-an nígbà òjò. Iṣu àná á ti tán, tuntun kò ní tíì ta. Igi ìyeyè ńlá kan tó wà lórí Òkè Kùrukùru ni gbogbo ìlú ń wojú rẹ̀. Ìgbà tí òjò bá le jù ni èso rẹ̀ ń pọ́n. Àṣà ìlú sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ìdí igi náà ni yóò máa pín èso fún gbogbo ayé títí ọdún yóò fi yípo.

Òkété ń dá gbé. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò bímọ. Bí ó bá se ọbẹ̀, òun nìkan ni yóò tọ́ ọ wò. Bí ó bá wúkọ́, kò sí ẹni tí yóò sọ pé pẹ̀lẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, á jókòó sẹ́nu ihò rẹ̀, á máa wo àwọn tó ń kọjá. Wọ́n á kí i, wọ́n á sì máa lọ sílé wọn.

Ó wá ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, “Bí mo bá di olùpín ìyeyè, ta ni yóò kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi tí kò ní yà? Wọn á kúnlẹ̀, wọn á dọ̀bálẹ̀. Èmi náà á sì bu èyí tó pọ̀ jù sí ẹ̀gbẹ́ tèmi.” Ojúkòkòrò àti ìdánìkanwà, orí ẹní kan náà ni wọ́n jọ ń sùn nínú ọkàn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Òkè Kùrukùru kì í ṣe òkè tí à ń gùn ní ìhòòhò. Òjò ibẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń gé ni lára. Ẹ̀wù òjò ni wọ́n fi ń gùn ún, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ló sì ń rán an létí odò. Òkété lọ bá a.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ.”

“Òo, Òkété. O mà rù o! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ nìkan ló kù.”

“Ìyá, ẹ̀wù òjò ni mo bá wá. Èyí tó fúyẹ́ jù, tí màá wọ̀ tí màá lè sáré.”

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ gbé awọ ewúrẹ́ kan fún un. “Gbé e wò.”

“Kò wúwo, Ìyá.”

“Torí pé ó gbẹ ni.” Ó rì í bọ odò, ó fà á jáde. “Ó yá, tún un gbé.”

Òkété gbé e, orúnkún rẹ̀ yẹ̀. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín. “Ẹni tó ń wá ẹ̀wù òjò kì í dán an wò ní gbígbẹ.”

Ó mú ẹ̀wù ewé kókò wá. Omi yí gbirigbiri lórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀. Inú Òkété dùn. Àfi bí Ìyá ṣe fi ẹ̀gún kan kàn án péré. Fààà! Ó ya dé ìdí.

“Ẹ̀gún ló kún ọ̀nà òkè, ọmọ mi.”

“Èyí tí ẹ fi ewé gbòdògì rán ní ìlọ́po ńkọ́?”

“Ìyẹn kò ní jẹ́ kí òjò wọlé, kò sì ní jẹ́ kí ooru jáde. Òógùn ara rẹ ni yóò rin ọ́ gbingbin kí o tó dé àárín òkè. Kí ni ìyàtọ̀ rẹ sí ẹni tí òjò pa?”

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wá wọ yàrá, ó mú ẹ̀wù kan jáde tí ó fi ìyẹ́ ara rẹ̀ hun. Ó ní ìbòrí, ó fúyẹ́ bí èémí ọmọ tuntun. Òkété na ọwọ́ sí i.

“Dúró ná. Nígbà tí ìyẹ́ yìí wà lára mi, ẹnu mi ni mo fi ń kùn ún lóróró. Nísinsìnyí, àdín ni wọ́n á máa fi kùn ún. Níbikíbi tí ẹ bá ti sinmi, kí ẹnìkejì rẹ kùn ọ́ láàárín èjìká, níbi tí òjò ti kọ́kọ́ ń bà. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi fún ẹnì kan ṣoṣo. Méjì méjì ni mò ń fún wọn. Ta lẹ jọ ń lọ?”

Òkété ka gbogbo àwọn tó ń kọjá lẹ́nu ihò rẹ̀ lọ́kàn. Ó pẹ́ kí ó tó rí orúkọ dá.

“Ọ̀yà ni.”

Ọ̀yà ni aládùúgbò rẹ̀ tó ń gbé inú koríko. Nígbà tí Òkété pè é, inú rẹ̀ dùn débi pé ó fò sókè. “Èmi tí mo rò pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọ! Ó yá, a jọ ń lọ.” Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ fún wọn ní ẹ̀wù méjì àti kèrègbè àdín kan. Òkété ló gbé kèrègbè.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ wálé, ọkàn Òkété yí padà. Bí àwọn méjèèjì bá jọ dé ìdí igi, àwọn méjèèjì náà ni yóò jọ máa pín in.

“Ọ̀yà, ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní omi ti gbé afárá ọ̀nà òkè lọ. Ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ká tó gbéra.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Àwọn tó ti ọ̀nà ibẹ̀ bọ̀.”

“Kò burú. Màá dúró dè ọ́.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Òkété nìkan ló gba ọ̀nà òkè. Òjò bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wù náà dára, omi ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ó sáré títí ó fi dé ibi ìsinmi àkọ́kọ́. Ó ṣí kèrègbè, ó bu àdín sọ́wọ́, ó na ọwọ́ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ na ọwọ́ yín sẹ́yìn kí n rí i. Ṣé ó dé àárín èjìká? Kò dé! Bàbá Látúndé, ẹ rọra o, ẹ má lọ ṣẹ́ ara yín lápá.

Ti Òkété náà kò dé. Ó fi ìrù gbìyànjú, ìdí ẹ̀wù ni ìrù kùn. Ó wá dá ọgbọ́n kan. Ó da gbogbo àdín sára igi kan, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó ń ra ara rẹ̀ sókè sódò. Kò mọ̀ pé ẹ̀gún wà lára igi náà. Ìyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ó ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Òjò sì rí ojú ihò, ó wọlé. Ẹ̀wù tó fúyẹ́ bí èémí mu omi títí ó fi wúwo bí òkúta. Òkété kò lè gbé e mọ́. Ó rá wọ ihò kan lábẹ́ àpáta, ó ń gbọ̀n.

Ibẹ̀ ló wà tí ó ti ń gbọ́ orin. Ẹ máa gbè é báyìí: Òjò ń bọ̀.

Kùn mí lẹ́yìn, kí n kùn ọ́ lẹ́yìn,
*Òjò ń bọ̀.*
Ọwọ́ mi ò débẹ̀, tìrẹ ló débẹ̀,
*Òjò ń bọ̀.*
Ẹni ó dá lọ, ta ni yó kùn ún?
*Òjò ń bọ̀.*

Méjì méjì ni àwọn ẹranko ń kọjá, wọ́n ń ṣàwàdà, wọ́n ń gbá ara wọn lẹ́yìn. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ni Ọ̀yà àti Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ wà. Ọ̀yà ti gbọ́ pé omi kò gbé afárá kankan lọ, ó sì ti bẹ Ìyá kí ó gbé àdín mìíràn bá òun wá.

“Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó lè ti ṣubú síbì kan.”

“Ẹni tó purọ́ fún ọ?”

“Òun náà ni, Ìyá. Ta ló tún ní tí yóò wá a?”

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ rí ìyẹ́ ara rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó tọ ipa rẹ̀ dé ẹnu ihò kan lábẹ́ àpáta. Ọ̀yà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ihò.

“Òkété! Ṣé inú ibí lo wà? Jáde wá, àdín kù lọ́wọ́ wa.”

Òkété gbọ́. Láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sí ẹni tó pè é báyẹn. Ó la ẹnu. Ó rántí afárá tí omi kò gbé lọ. Ó pa ẹnu dé.

“Òkété o!”

Ojú ń tì í. Ó fà sẹ́yìn sínú òkùnkùn.

Ọ̀yà dúró, ó dúró títí òjò fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lára. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ fọwọ́ bà á léjìká. “Ó tó, ọmọ mi. Kò sí níbẹ̀.” Òkété ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí ó ṣe ń jìnnà lọ, títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi òjò.

Láti ọjọ́ náà ni Òkété ti ń sá pamọ́ sínú ihò, kì í jókòó sẹ́nu rẹ̀ mọ́. Títí di òní, bí o bá dúró lẹ́nu ihò rẹ̀, kí o pè é títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kò ní dá ọ lóhùn.

Ìdí àlọ́ mi rèé. Kò sí ẹ̀wù tó dára tó ẹni tí yóò bá ọ kùn ún lẹ́yìn, ẹ má ṣe fi ojúkòkòrò lé ẹni náà lọ. Bí ẹ bá sì ti lé e lọ, tí ó tún padà wá pè yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ ẹ o. Bí ojú tilẹ̀ ń tì yín, ẹ dá a lóhùn.