Ìwé Tí A Já Lára Pátákó

Ọkùnrin kan wà tí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ tán lójú ọ̀nà yunifásítì ìjọba. Iṣẹ́ ló ń wá. Ó kàwé nípa kòkòrò tó ń ba iṣu jẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ó pé ogójì ọdún, bẹ́ẹ̀ yunifásítì náà kì í gba ẹni tó bá ti pé ogójì sí iṣẹ́ ìwádìí. Láràárọ̀, kí ó tó bọ́jú, ó ti ka iye ọjọ́ tó kù.

Obìnrin kan tí òun náà ń wáṣẹ́ ló fi pátákó ìkéde hàn án.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yéé bẹ ẹni ńlá kiri. Ibí ni wọ́n ń lẹ ìwé iṣẹ́ sí."

Lọ́jọ́ Ajé kan, ọkùnrin yìí dé ibẹ̀, ó rí i: wọ́n ń wá ẹnìkan tí yóò máa ṣèwádìí kòkòrò iṣu. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó já ìwé náà, ó ká a sápò. Kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin náà fi yọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti lẹ nǹkan kan?"

"Rárá o. Ìwé àtijọ́ ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹ má jẹ́ kó sú yín. Bí mo bá rí tiyín, màá pè yín."

Ó kọ̀wé, ó fi ránṣẹ́. Oṣù méjì kọjá kí wọ́n tó pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn kan, òun nìkan. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Nígbà tó yá, bẹ́ǹṣì náà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn jù lójú rẹ̀.

Obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n tó jẹ́ alága wo ìwé rẹ̀ títí.

"Ẹ mọ iṣẹ́ yìí o. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Háà. Òfin wa ni pé ẹni mẹ́ta, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jókòó síwájú wa. Ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Báwo la ṣe fẹ́ yan ẹnìkan láàárín ẹnìkan? A ó tún ìwé náà lẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà."

Ó jáde, ó ń fi ìka ka oṣù. Ní ìka kejì, ó dúró.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, fóònù rẹ̀ dún. Obìnrin náà ni.

"Ẹ̀gbọ́n! Mo ní màá pè yín. Wọ́n ti lẹ ìwé iṣẹ́, ti kòkòrò iṣu yín gan-an! Ẹ sáré wá o. Mo dúró tì í níbí, kí ẹnìkan má baà já a."

Ìtàn mi tán. Ìwọ olùwáṣẹ́ tí o jókòó tì mí, tí mo ń pa á fún, má wojú mi bẹ́ẹ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú àpò rẹ. Mo ti rin ọ̀nà tó pọ̀, n kò sì tíì rí ẹni tí ọ̀nà là fún torí pé ó dí i mọ́ ẹlòmíràn. Ẹ̀rù tó ń bà ọ́ ń ba àwọn yòókù tó ń wáṣẹ́ náà. Dìde, dá ìwé yẹn padà síbi tí o ti já a, kí o tó jókòó kọ tìrẹ. Gọ́ọ̀mù kò wọ́n.