Káfíńtà Tó Fi Tapólì Bo Mọ́tò Tuntun

Ìyá Ìbídùn, mo ti gbọ́ ohun tí o bá wá. Nu ojú rẹ nù, kí o sì fara balẹ̀. Kí n tó dá ọ lóhùn, gbọ́ èyí ná.

Ọkùnrin kan wà, káfíńtà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ níṣẹ́. Bí ó bá kan àga, tí ó fi fánísì pa á tán, o lè rí eyín ara rẹ nínú rẹ̀. Ohun tó bá ti ń dán, ọkùnrin yìí fẹ́ràn rẹ̀ ju oúnjẹ lọ. Ní ọdún tó pé ẹni àádọ́ta, ó ra mọ́tò. Kì í ṣe àlòkù o! Mọ́tò tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò jókòó sí rí, àwọ̀ aró, tí láílọ́ọ̀nù ṣì wà lára gbogbo àga rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ fún ará ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ láílọ́ọ̀nù náà.

Ó ra ìda mọ́tò, ìda inú agolo tí wọ́n máa ń fi pa ara ọkọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́, kí omi àti ẹrẹ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó ń bọ́ ẹ̀wù, tí ó ń fi aṣọ rírọ̀ pa ìda náà yípo yípo, láti iwájú mọ́tò dé ìdí. Bí ó bá parí, á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wò ó, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọkọ ìyàwó.

Títí dé ibẹ̀, n kò bá a wí. Ó dára kí ènìyàn tọ́jú ohun tó ní. Ohun tó ń ṣe lẹ́yìn èyí ni kí o fetí sí. Ní ilé iṣẹ́ rẹ̀, bí ó bá fi fánísì pa àga tán, ó máa ń bò ó kí eruku má bàa bà lé e, nítorí pálọ̀ ni àga ń lọ, àga kì í rìn. Àṣà yìí ni ó gbé wá sídìí mọ́tò. Ó ra tapólì ńlá kan, irú èyí tí wọ́n fi ń bo àpò sìmẹ́ńtì nígbà òjò, ó fi bo mọ́tò náà láti òkè délẹ̀, ó sì fi okùn dì í. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni ó ń ṣí i, ìyẹn náà, bí òjò kò bá sí, bí eruku kò bá pọ̀. Bí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni ń fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó rẹ̀ a tẹ̀lé e lábẹ́ agbòòrùn, mọ́tò a sì wà nílé tí ó daṣọ borí. Àwọn ará àdúgbò a máa bi í pé, “Bàbá Adélànà, ṣé ara mọ́tò yín ò yá ni?”

Ó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan. Ìyá wọn kú nígbà tí káfíńtà wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà, òun náà ló fà á lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Abúlé kan nínú oko kòkó ni obìnrin náà ń gbé, máìlì mẹ́fà sí títì, ọ̀nà ibẹ̀ sì jẹ́ ẹrẹ̀ pupa nígbà òjò, eruku pupa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti rí ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ló kù fún un.

Nígbà tó yá, ìròyìn dé pé àwọn dókítà ojú ń bọ̀ ní ọsibítù ìlú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni wọ́n fẹ́ lò, láti Ọjọ́ Ajé di Ọjọ́rú. Bí wọ́n bá ti lọ, ó di ọdún tó ń bọ̀. Orúkọ ẹ̀gbọ́n ti wà nínú ìwé wọn, nọ́ọ̀sì tó sì kọ orúkọ náà ti kìlọ̀ pé ojú ọ̀hún ti pẹ́ jù, bí ó bá tún dúró fún ọdún kan sí i, ó lè má ṣeé ṣe mọ́. Káfíńtà ní, “Ẹ má mikàn, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣebí mo ní mọ́tò. Ọjọ́ Ajé, màá wá gbé yín.”

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìsinmi, òjò rọ̀. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, káfíńtà ká etí tapólì sókè, ó wo ìda tó pa sí i ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó wo ẹrẹ̀ tó ti yí bàtà òun fúnra rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Ó rántí ọ̀nà abúlé, òkúta rẹ̀, kòtò rẹ̀, àti ẹ̀ka kòkó tó na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù. “Ẹ jẹ́ kí ọ̀nà gbẹ díẹ̀. Ó di ọ̀la.”

Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó rán ọlọ́kadà. Ọlọ́kadà lọ, òun nìkan ló padà. Ó ní, “Bàbá, màmá yẹn ò ríran, ọ̀nà sì ń yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lẹ́yìn mi kí a tó kúrò lẹ́nu ilé wọn. Mo bá dá wọn padà. Èmi ò fẹ́ ẹjọ́ o.”

Ọjọ́rú mọ́, ojú ọ̀run tún ṣú. Káfíńtà dúró ti tapólì, ó ń yí okùn rẹ̀ mọ́wọ́. Kò fẹ́ràn ara rẹ̀ rárá ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ó mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, ojú sì ń tì í pé òun ṣì ń rò ó. Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó wò ó títí. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ní, “Bàbá Adélànà, bí mọ́tò yìí bá họ, ẹ ó tún un kùn. Ojú ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Ọ̀dà wo lẹ ó fi kùn ún?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ó tú okùn, ó fa tapólì sílẹ̀, kò tilẹ̀ dúró ká a, ó sì wa mọ́tò jáde.

Ìyá Ìbídùn, ìwọ náà mọ ọ̀nà oko. Ẹ̀ka igi ń ha mọ́tò lára, ṣàà, ṣàà, àfi bí ẹni pé ara káfíńtà ni wọ́n ń ha. Lẹ́bàá afárá onípákó, táyà rì. Ọkùnrin mẹ́ta tó ń ti oko bọ̀ fi èjìká tì í. Táyà ta ẹrẹ̀ bo àwọn náà, ó ta ẹrẹ̀ bo mọ́tò dé ojú fèrèsé. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, àwọ̀ wo tiẹ̀ ni mọ́tò yìí tẹ́lẹ̀?” Káfíńtà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ń lọ.

Nígbà tó dé abúlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó dára, ó gbé àpò rẹ̀ lé itan. Aládùúgbò rẹ̀ sọ fún káfíńtà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe jókòó ní Ọjọ́ Ajé, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe jókòó ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Obìnrin náà kọ ojú sí ibi tí ìró mọ́tò ti ń bọ̀.

“Àbúrò mi, ṣé ìwọ nìyẹn?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Mo mọ̀ pé wàá wá. Ọ̀nà ni kò dáa.”

Omi lé ròrò sójú káfíńtà. Ẹni tí òun já kulẹ̀ ló tún ń bá òun wá àwíjàre! Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó ṣílẹ̀kùn fún un, ṣùgbọ́n obìnrin náà dúró, kò wọlé. Ó ní, “Ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ mi. Wọ́n ní mọ́tò tuntun ni.” Káfíńtà ní, “Ẹ wọlé, ẹ jọ̀ọ́.” Ó wọlé, ó jókòó, láílọ́ọ̀nù àga sì ń yọ̀ ọ́ sọ́tùn-ún sósì, kò rí ibi fara tì. Káfíńtà bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa láílọ́ọ̀nù náà ya, ó jù ú sẹ́yìn mọ́tò.

Agogo mẹ́ta ọ̀sán ti kọjá nígbà tí wọ́n dé ọsibítù. Wọ́n ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní, “Bàbá! Odidi ọjọ́ mẹ́ta la fi ń pe orúkọ màmá yìí!” Káfíńtà kò wá àwáwí kankan. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára. Dókítà yọjú láti inú yàrá, ó wo ẹni tó wà nílẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ojú ìyá náà. Káfíńtà kò mí. Dókítà wá ní, “Ẹ mú wọn wọlé. Àwọn la ó fi kádìí rẹ̀.”

Háà! Èémí tí ọkùnrin náà mí sóde lọ́jọ́ náà! Bí ẹni tó ti ru igi ìrókò láti Ọjọ́ Ajé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí wọ́n tó ṣí aṣọ tí wọ́n fi di ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó wa mọ́tò lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò. Ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lára bí ara ilé alámọ̀. Káfíńtà ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé èyí tó bá bàjẹ́, kó bàjẹ́. Ẹni tó ń fọ mọ́tò, àgbàlagbà tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, da omi lé e. Ẹrẹ̀ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ sílẹ̀, kò janpata, kò sì lẹ̀ mọ́ ibì kankan. Ọ̀dà tó wà lábẹ́ ẹrẹ̀ náà ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n gbé mọ́tò délé. Ojú ibi tí ẹ̀ka igi ha, ara ìda ló ha mọ. Ó fi aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀mejì, ó parẹ́. Káfíńtà kò mọ ìgbà tó pariwo “Ọlọ́run, o ṣé!” sí etí àwọn tó wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé òrùlé mọ́tò àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kún ibẹ̀, ọ̀dà rẹ̀ ti ṣú.

Káfíńtà ní, “Ẹrẹ̀ àná ló ṣe é.”

Ọkùnrin náà ní, “Ẹrẹ̀ kọ́. Ìsàlẹ̀ ni ẹrẹ̀ pọ̀ sí jù, ẹ wo ìsàlẹ̀ bó ṣe ń dán. Ẹ̀ ń fi nǹkan bò ó nílé, àbí?”

“Tapólì ni.”

“Ẹn-ẹ́n. Eruku ló ń wọ abẹ́ tapólì. Bí atẹ́gùn bá ti ń mì í, á máa fi eruku yẹn yún ọ̀dà. Bàbá, ìda tẹ́ ẹ pa sí i ti tó o. Kí ẹ lè máa wà á jáde la ṣe ń pa á. Ta ló ní kí ẹ tún máa dì í lókùn?”

Káfíńtà fi ọwọ́ pa òrùlé mọ́tò náà. Ẹni tó ti ń fi sánpépà ha pákó láti ọgbọ̀n ọdún, ó mọ ojú ibi tí sánpépà bá ti kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi sánpépà bo mọ́tò rẹ̀, tó tún dì í dáadáa kó má bọ́. Ẹ̀rín bá pa á. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀.

Nígbà tó padà dé ọsibítù, wọ́n ti ṣí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe, ó sì yọrí sí rere. Obìnrin náà jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń yí ọwọ́ ara rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó ń wò ó. Ó gbójú sókè, ó wo àbúrò rẹ̀, ó wò ó títí.

“Yéè,” ó ní, “o ti hewú!”

Wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n sunkún, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, oṣooṣù ni mọ́tò yẹn ń lọ sí abúlé. Káfíńtà ṣì ń pa á ní ìda ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Tapólì ti di ohun tó fi ń bo pákó.

Ìyá Ìbídùn, èsì mi rèé. O ní kí n pe ọmọ rẹ, kí n sọ fún un pé kó má gba iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n fún un ní ìlú òkèèrè, nítorí o kò mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, nítorí ayé ti bàjẹ́. N kò ní pè é. Ọdún mẹ́rìnlélógún lo ti fi ń pa Ìbídùn ní ìda. Ta ló kọ́ ọmọ náà láti máa sọ òtítọ́? Ta ló kọ́ ọmọ náà láti mọ ẹni tó yẹ kó bá rìn? Ṣebí ìwọ ni. Ṣé torí kó lè máa jókòó sí pálọ̀ rẹ lo ṣe ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn? Ẹrẹ̀ wà lọ́nà, n kò ní purọ́ fún ọ. Yóò ta sí i lára. Bó bá délé, ẹ ó jọ fọ̀ ọ́ kúrò.

O sì sọ ohun kan nígbà tí o wọlé, o rò pé n kò gbọ́. O ní láti ìgbà tí o ti gba ìwé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò bá ọ jẹun mọ́, bí o bá bi í ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹyọ kan ni yóò dáhùn. Ta ló ha á báyìí, ọmọ mi? Kò tíì kúrò nílé o.

Má sunkún mọ́. Ìlà náà kò tíì jìn, ọwọ́ rẹ tó ti mọ ara ọmọ yẹn ṣì lè pa á rẹ́. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ní kó dáhùn ìwé náà, òní ṣì jẹ́ Ọjọ́rú. Dìde, lọ fún un ní ìwé rẹ̀, kí o sì bá a di ẹrù.