Orúkọ Tó Wà Lára Ọ̀pá Sínúkà

Ọ̀gá Láníhùn fi irin gbígbóná kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ọ̀pá sínúkà, igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù orí tábìlì, tí Àbẹ̀jẹ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Àbẹ̀jẹ́ ló gbẹ́ igi náà, òun ló rẹ ẹ́ sínú aró, òun ló da góòmù tó ń dán bí dígí bò ó. Àbẹ̀jẹ́ fẹ́ kí iṣẹ́ yìí sọ òun di ẹni mímọ̀.

Nígbà tí oníbàárà béèrè ẹni tó dá irú àrà bẹ́ẹ̀, ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí Àbẹ̀jẹ́.

"Ta ni ì bá tún ṣe é? Eléyìí kàn ń bá mi gbálẹ̀ ni."

Oníbàárà ní kó ṣe mẹ́fà sí i. Àbẹ̀jẹ́ bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sílé.

Ọ̀gá dá iṣẹ́ náà ṣe. Kò dúró kí aró gbẹ kó tó da góòmù lé e, ni gbogbo ọ̀pá bá funfun bí omi ògì. Ó rán ìyàwó rẹ̀ sí Àbẹ̀jẹ́ pé kó padà wá.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi. Àgbà ṣáà ni."

"Màmá, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ bá mi kí wọn."

Kò padà síbẹ̀ mọ́. Ó gba igun kan ní ṣọ́ọ̀bù Adéṣíjú, káfíńtà àdúgbò, tó ń bá a la igi. Orúkọ òun àti Adéṣíjú ló kọ sára ọ̀pá tó kọ́kọ́ ṣe níbẹ̀.