Màrìwò Ìdí Igi Òwìwí

Irọ́ ni, Tíṣà Fájìnmí. Irọ́ funfun báláú. Kì í ṣe ọ̀run ni ìjàpá ti já bọ́ tí igbá ẹ̀yìn ẹ̀ fi rí kángunkàngun bẹ́ẹ̀. Torí pé ẹ jókòó sílé ìwé títí irun yín fi funfun, ẹ rò pé ẹ mọ àlọ́ jù mí lọ. Èmi tí mo fi kíláàsì kejì sílẹ̀, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti Ṣakí dé etí òkun àwọn Pópó, kò sì sí ìlú tí mo sùn tí wọn ò bẹ̀ mí kí n dúró di ọ̀la.

Tíṣà ò sí níbí? Ẹ bá mi sọ fún un. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi.

Ààlọ́ o!

Ṣé ebi ń pa yín ni? Ẹ dáhùn dáadáa. Ààlọ́ o!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi rìn títí, ó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó torí bọ màrìwò, ó wá lọ balẹ̀ sẹ́yìn Ìjàpá tó ń ru ilé kiri. Ẹ tẹ̀lé e, ṣùgbọ́n ẹ má retí ẹ̀rín púpọ̀.

Láyé ìgbà tí ẹranko ń gbé ìlú bíi tiwa, Òwìwí ni adájọ́. Orí ìrókò ló ń jókòó sí. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, gbòǹgbò ìrókò yẹn ni yóò lọ dì mú. Bó bá ti dì í mú, Òwìwí gbọ́dọ̀ gbọ́ tiẹ̀, ìbáà ṣe èèrà. Kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Ojú ńlá méjèèjì yẹn, ẹjọ́ nìkan ló fi ń wò.

Ọ̀kẹ́rẹ́ wá kú. Ó fi ìyàwó ẹ̀ sílẹ̀, Àwẹ̀ró, pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ kan, àti ihò gidi kan nídìí ọ̀pẹ, tó kún fún ẹyìn. Òjò sì ń bọ̀. Àwẹ̀ró ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tí Ìjàpá fi dé, tó tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, kú ìrọ́jú. Ṣé o mọ̀ pé ẹbí ni èmi àti olóògbé."

"Bàbá Ìjàpá, níbo lẹ ti bára tan?"

"Ìyá ìyá tiẹ̀ àti ìyá ìyá tèmi, odò kan náà ni wọ́n ti ń pọnmi."

"Gbogbo ìlú ló ń pọnmi nínú odò yẹn."

"Ẹbí wa pọ̀," ni Ìjàpá wí, ó sì ju ẹyìn kan sẹ́nu.

Ó ní opó kì í jogún ilé, ẹbí ló ń jogún ilé, kí ó kó ẹrù ẹ̀ kí òjò tó dé. Àwẹ̀ró pọn ọmọ, ó lọ dì mọ́ gbòǹgbò. Ẹ bá mi gbè é, "Ìdí igi" lẹ ó máa wí:

Gbòǹgbò, gbọ́ tèmi.
— Ìdí igi.
Ọkọ mi sùn, kò jí.
— Ìdí igi.
Ahun ń jẹ ẹyìn mi.
— Ìdí igi.
Òjò ṣú, ibo ni n ó wọ̀?
— Ìdí igi.

Òwìwí gbọ́ tọ̀tún, ó gbọ́ tòsì. Ó ní ẹni tó bá ọkọ ẹ̀ gbẹ́ ihò, òun ló ni ihò. Kí Ìjàpá bọ́ síta. Ìjàpá tu èkùrọ́ sílẹ̀, ó jáde.

Ó gba ilé Ìkookò lọ, olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin ìlú. Ó bá a nídìí oúnjẹ. Ìyàwó Ìkookò jókòó síkọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ kan wú, kò ṣeé là. Ìjàpá wo obìnrin náà, ó wo Ìkookò.

"Ẹ̀gbọ́n, bí eléyìí náà bá lọ di gbòǹgbò mú lọ́la ńkọ́?"

Ìkookò gbé egungun sílẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jókòó, Ìjàpá ló sọ̀rọ̀ jù. Ó ní ta ló yan Òwìwí? Ìgbìmọ̀, ìlú ló yàn wọ́n. Bínú bá bí ìlú, ìlú á yọ wọ́n. Òwìwí, igi ló gùn. Ẹyẹ kan ṣoṣo ni yóò wá máa kọ́ gbogbo ẹranko bí wọ́n ṣe ń darí ilé wọn? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Kí n má parọ́ fún yín, òtítọ́ wà nínú ẹ̀. Ohun tó fi wọlé nìyẹn. Ìgalà nìkan ló dìde, ó ní ẹni tí ìgbìmọ̀ fúnra ẹ̀ bá rẹ́ jẹ ńkọ́? Wọ́n ní kó jókòó. Àwọn yòókù jẹ́ hẹn, olúkúlùkù mọ ohun tó wà nílé ẹ̀.

Wọn ò lé Òwìwí o. Ìyẹn ì bá hàn jù. Màrìwò ni wọ́n ta yí ìdí igi ká. Ẹjọ́ iṣu tí wọ́n jí, ẹjọ́ ààlà oko, kó kọjá. Ẹjọ́ opó, ẹjọ́ ìyàwó, ẹjọ́ ọmọ, ẹjọ́ ilé, kò gbọdọ̀ kọjá màrìwò, Òwìwí ò sì gbọdọ̀ lanu sí i. Kí ẹbí lọ parí ẹ̀ nílé.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ìjàpá padà sídìí ọ̀pẹ. Ó ti Àwẹ̀ró síta. Àwẹ̀ró sáré lọ sídìí ìrókò, ó na ọwọ́ lábẹ́ màrìwò, ó di gbòǹgbò mú. Òwìwí la ojú sí i, kò sọ̀rọ̀. Òjò dé bá a níbẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́. Àwẹ̀ró ń mì í, kò dáhùn.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi kọ́ ni mo ta màrìwò.

Ìjàpá ń jẹ ẹyìn, ó ń sanra. Bó ṣe jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Ìkookò wọlé, kò kan ilẹ̀kùn.

"Àbúrò, kú ilé. Ṣé o mọ̀ pé odò kan náà ni ìyá ìyá tìẹ àti ìyá ìyá tèmi ti ń pọnmi."

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ìlú ló ń..."

"Ẹbí wa pọ̀," ni Ìkookò wí. "Èmi sì ni àgbà ẹ̀."

Ó gba ilé ìdí ọ̀pẹ. Ó gba ilé tí Ìjàpá fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́. Ó ní Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, á máa se ọbẹ̀ fún òun. Nínú gbogbo ẹrù wọn, igbá tí Yánníbo fi ń pọnmi nìkan ló jù síta, ó sì fọ́ yángá.

Ìjàpá sáré bí ẹsẹ̀ ìjàpá ṣe lè sáré mọ. Ó di gbòǹgbò mú, ó bẹ̀rẹ̀ orin: "Gbòǹgbò, gbọ́ tèmi." Ẹ má gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é.

"Bàbá, wọ́n ti gba ilé mi."

Òwìwí wo màrìwò.

"Bàbá, èmi ni o. Èmi Ìjàpá."

Òwìwí rọra yí orí ẹ̀, ó yí i títí ojú ẹ̀ fi kọ sẹ́yìn. Títí dòní ni orí ẹ̀ ń yí bẹ́ẹ̀.

Àwẹ̀ró ò tíì kúrò nídìí igi yẹn, ibi tó sin ọmọ sí ni. Ó yíjú sí Ìjàpá.

"Gbòǹgbò yẹn tutù, àbí?"

"Ó tutù."

"Mo mọ̀."

Kò bú u. Ó gun igi lọ.

Ìjàpá lọ ṣa igbá fífọ́ yẹn, ó tò ó pọ̀ mọ́ra, ó dà á bo ẹ̀yìn, ó wọ abẹ́ ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìjàpá fi ń ru ilé ẹ̀ kiri: bí wọ́n bá tún gbà á, kò mọ ibi tó máa gbé ẹjọ́ lọ. Bó bá gbúròó ẹsẹ̀, á fa orí wọlé, ó rò pé ẹbí ló ń bọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ bíi ti Àwẹ̀ró náà, láti igi dé igi, kì í pẹ́ níbì kan. Òwìwí ńkọ́? Ẹjọ́ tí wọn ò jẹ́ kó dá lójú ọ̀sán ló ń ké lóru. Ẹ̀yin náà ń pè é ní ẹyẹ àjẹ́, ẹ ń sọ ọ́ lókò.

Màrìwò yẹn ti gbẹ tipẹ́. Kò sẹ́ni tó tú u.

Ibi tí àlọ́ mi fìdí lé rèé, ẹ bá mi sọ fún Tíṣà Fájìnmí. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ẹsẹ̀ tó gbé mi láti Ṣakí má gbé mi dé ìlú tó kàn.

Ó yá, ìwọ tó jókòó sídìí iná yẹn, tó gbọ́ ọ látòkèdélẹ̀. Lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà gbígbóná wá fún mi. Má sọ pé ó di ọ̀la. Bí o bá jẹ àlọ́ mi gbé, adájọ́ wo ni kí n gbé ẹ lọ bá?