Owó Orí Lékèélékèé

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrì, ó fò kọjá odò, ó bà lé Lékèélékèé lórí. Inú ń bí mi lónìí, bí mo bá dárin, ẹ gbè é dáadáa.

Lékèélékèé bá agbo màlúù lọ sí òdìkejì odò, ó sì di ará ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ arúgbó ló kù nílé. Bí ó bá fẹ́ wá wò ó, ìwé ìrìnnà tí ọba Àwòdì tẹ òǹtẹ̀ lù ló fi ń kọjá ẹnubodè.

Ọba wá ṣòfin pé ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi náà yóò máa san owó orí. Ẹni tí kò bá san, ìwé rẹ̀ di òkú. Aláǹgbá, akọ̀wé ọba, ránṣẹ́ ṣókí: “Lékèélékèé, owó orí ń bẹ lọ́rùn rẹ.”

Ìyẹn bú sẹ́rìn-ín. “Owó orí kẹ̀? Mo san án pé níwájú mọ̀lẹ́bí ìyàwó mi. Àní àwọn àna mi dá a padà fún mi, wọ́n ní àwọn kì í ta ọmọ.”

Ó yé Aláǹgbá pé owó orí ìyàwó ni ẹyẹ náà ń wí. Kò ṣàlàyé, nítorí oyè ń bẹ fún ẹni tó bá rí ọlọ̀tẹ̀ mú. Ó sáré wọ ààfin, ó ń mi orí wìì wìì. “Kábíyèsí, ó ní wọ́n ti dá owó orí yín padà fún òun.” Ọba ní kí wọ́n pa ìwé rẹ̀ rẹ́. Wọn kò sọ fún un.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, àìsàn dá ìyá dùbúlẹ̀. Lékèélékèé gbéra fùú, ó di ẹnubodè.

“Ìwé yìí ti kú, o kò san owó orí ọba,” ni oníbodè wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ìyá mi ń pọ̀kàkà ikú. N ó san ohun tí mo jẹ.”

“Ààfin ni wọ́n ti ń san án.”

“Ẹ̀yìn yín níbẹ̀ yẹn ni ààfin wà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dé ibẹ̀?”

Oníbodè tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ má sọ fún mi pé ṣebí Lékèélékèé níyẹ̀ẹ́, kó fò kọjá. Àwọn ọlọ́fà ń ṣọ́ òkè. Ó yí padà, àwọn ará òdìkejì náà ní àwọn kì í gba ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kú. Ó bá dúró sórí iyanrìn láàárín odò, ó forin sẹ́nu:

Oníbodè, ṣílẹ̀kùn fún mi,
*Ṣí i o, ṣí i.*
Ìyá ń pè mí, n ò lè jẹ́,
*Ṣí i o, ṣí i.*
Orí ìyàwó ni mo gbọ́,
*Ṣí i o, ṣí i.*
N ò gbọ́ orí ọba,
*Ṣí i o, ṣí i.*

Ọjọ́ keje ni orin náà tó dé etí ọba. Ó pe Aláǹgbá: “Ṣé o mọ̀ pé owó ìyàwó ló ń wí?” Aláǹgbá mi orí pé òun mọ̀. Wọ́n lé e jáde, ó gun ògiri, ó ń mi orí títí dòní.

Wọ́n gbé ìwé tuntun lọ fún Lékèélékèé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n sìnkú ìyá rẹ̀.

Ó wo ìwé náà. “Ta ni n ó wá fi wò báyìí?”

Ibi tí mo sọ ẹrù àlọ́ mi kalẹ̀ rèé. Bí mo bá parọ́, kí agogo ẹnu mi kọ̀, kó má dún. Ẹ san ohun tí ẹ bá jẹ, kí ẹ sì bèèrè bí ọ̀rọ̀ kò bá yé yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá joyè, ẹ má ti ilẹ̀kùn ilé mọ́ ọmọ kankan láìgbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.